Rọpárọsẹ̀: iṣẹ́ tí aláìsàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń gbé e dìde

Ìbéèrè tí àwọn ẹbí máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Dókítà, abẹ́rẹ́ wo ni ká lọ rà?" Kì í yà mí lẹ́nu. Ibà ní oògùn tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀, wọ́n sì ti dá owó jọ. Ṣùgbọ́n bí ewu ọjọ́ àkọ́kọ́ bá ti rékọjá, kò sí abẹ́rẹ́ kan tó ń dá ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ padà fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ (stroke) kọlù. Ibi tó kú nínú ọpọlọ ti kú nìyẹn. Ibi tí kò kú ló lè kọ́ iṣẹ́ èyí tó kú, kò sì ní kọ́ ọ àfi bí aláìsàn bá ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà ṣe nǹkan, tó ń ṣe é ní àṣetúnṣe, lójoojúmọ́. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ dókítà ìmúbọ̀sípò ti kọ́ mi ní Èkìtì níbí, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dá lé.

Ohun tó máa ń dí i lọ́wọ́ jù lọ kì í ṣe àìbìkítà, ìfẹ́ ni. Àwọn ọmọ á ti Èkó àti Àbújá dé, àwọn àbúrò á ti oko dé, ilé á kún. Ọ̀kan ń fi ṣíbí bọ́ bàbá, èkejì ń wẹ̀ fún un, ẹ̀kẹta ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù, wọ́n sì ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga bí ọmọ tuntun. Ọwọ́ tó lè di ife mú ní ọ̀sẹ̀ kejì lè má lè dì í mú mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nítorí ọpọlọ ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń bẹ ọwọ́ yẹn níṣẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ipá ni wọ́n ń lò: wọ́n á fa ọwọ́ tó rọ títí èjìká á fi yẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo ń kọ́ ẹbí jù ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn án àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán.

Ohun tí wọ́n bá ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ ló ń sọ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan ń já wálẹ̀ nígbà tí ẹ ní kó gbé méjèèjì sókè, tí ọ̀rọ̀ lọ́ tàbí tí kò jáde rárá, ẹ wo aago, kí ẹ sì kọ àkókò tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá sílẹ̀. Wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni ààlà tí a sábà ń fún oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, àfi lẹ́yìn tí a bá ti ya àwòrán orí ni a sì tó lè fún un. Ẹ má rọ omi, àgbo tàbí epo sí i lẹ́nu. Ẹ má fún un ní asipirín nílé, nítorí àwòrán orí yẹn, tí a ń pè ní CT, ló ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì tàbí òpó ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́. Nínú ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe atọ́nà rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ ti òpó ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́. Asipirín kò yẹ kí ó kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì fi nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ nítorí pé ẹ rí i pé ìfúnpá ga. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló fà á, ìfúnpá tó ga yẹn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ dé etí ibi tó ń kú lọ. Bí ẹ bá já a lulẹ̀ lójijì, ibi tí ì bá yè á bá a kú. Bí kò bá sí ìdí mìíràn, tí a kò sì fẹ́ fún un ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, a kì í sábà fọwọ́ kan ìfúnpá irú rọpárọsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àfi bó bá kọjá 220/120. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí ṣúgà tó bá já wálẹ̀ jù lè mú apá kan rọ gẹ́lẹ́ bíi rọpárọsẹ̀, glucose ló sì ń wò ó. Ẹni tó wà ní Òmùò tàbí Ọ̀tún kò gbọdọ̀ dúró de ilẹ̀ kó mọ́ kó tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni l'Ádó tàbí ní Ìdó. Àwọn tó gbà pé ọfà ni wọ́n ta á, n kì í bá wọn jiyàn. Kí àdúrà máa lọ nínú mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ gbígbé nǹkan mì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́, oúnjẹ tó bá sì ṣìnà gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró ń pa ọ̀pọ̀ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò pa. Kí ohunkóhun tó kàn án lẹ́nu, kó kọ́kọ́ lajú dáadáa, kó jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, kí ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ fún un ní omi ṣíbí tíì kan péré, ìyẹn mílílítà 5. Ẹ wo gògóńgò rẹ̀ bóyá ó gòkè. Ẹ ní kó wí pé "áà", kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí ohùn rẹ̀ bá dún bíi pé omi wà ní ọ̀nà ọ̀fun, tó bá húkọ́, tí omi tú jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, tàbí tí èémí rẹ̀ yára, ẹ dáwọ́ dúró, ó di ti rọ́bà imú ní ilé ìwòsàn nìyẹn, èyí tí wọ́n ń tì gba imú dé ikùn láti fi bọ́ ọ. Bí ṣíbí mẹ́ta bá lọ láìsí ìyọnu, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lè fún un ní mílílítà 90 kó mu ún láìdúró. Ẹ rántí pé àwọn kan wà tí omi ń wọ̀ wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró tí wọn kò ní húkọ́ rárá, nítorí ibẹ̀ ti kú tipiri. Ara gbígbóná àti èémí kíákíá ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló máa ń tú wọn fó.

Omi lásán ló léwu jù, nítorí ó ń ṣàn ju bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe lè yára tì lọ. Ògì tó ki, tó ń rọra já láti ojú ṣíbí, sàn ju omi lọ. Oúnjẹ tí omi àti èyí tó le wà pa pọ̀, bí ìrẹsì nínú ọbẹ̀ tó ṣàn tàbí ẹ̀wà olómi, ṣòro fún wọn. Iyán ni ìjà máa ń wà lé lórí níbí. Ọ̀pọ̀ bàbá gbà pé àwọn kò tíì jẹun bí àwọn kò bá tíì jẹ iyán, àwọn ọmọ á sì fẹ́ fi ìyẹn mú inú wọn dùn. Iyán ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn sì ń gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. N kì í gbà á láyè títí ọ̀nà ọ̀fun á fi yege. Bí àkókò bá tó, kó rọ̀, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọ̀kèlè má ju orí àtàǹpàkò lọ, kí ọbẹ̀ má ṣàn, kó sì gbé èyí tó wà lẹ́nu mì tán kó tó mú òmíràn.

Nígbà tó bá ń jẹun, kó tẹ àgbọ̀n sí àyà díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ wọn, bí wọ́n bá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ, ọ̀fun ẹ̀gbẹ́ náà á tì, oúnjẹ á sì gba ẹ̀gbẹ́ tó le kọjá. Apá ẹnu tó le ni kí ẹ fi oúnjẹ sí. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ máa ń sápamọ́ sí, tó á wá já wọ ọ̀nà èémí lóru. Kó wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fọ ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kódà bó bá jẹ́ rọ́bà imú ló fi ń jẹun, nítorí kòkòrò inú ẹnu ló ń ba itọ́ tó bá ṣìnà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bó bá lè di ṣíbí mú, ẹ fi ṣíbí sí i lọ́wọ́. Bí kò bá lè dì í mú tán, ẹ fi ọwọ́ yín bo tirẹ̀, kí ẹ jọ gbé e dé ẹnu. Oúnjẹ á pẹ́, á sì dà sílẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Bí awọ ibì kan bá pọ́n, tí kò sì padà sí àwọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ ti gbé ìwúwo kúrò níbẹ̀, egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lára awọ dúdú, pípọ́n lè má hàn: ẹ fọwọ́ wò ó bóyá ó gbóná tàbí ó le ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ má ra á, ẹ má fi sípírítì pa á, ẹ ṣáà má jẹ́ kó sùn lé e mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ tó rọ, ẹ rọra ti egungun ẹ̀yìn èjìká náà síwájú, kí ìwúwo má bàa wà lórí ṣóńṣó èjìká. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ èjìká àti gbogbo ọwọ́ tó rọ, kí àtẹ́lẹwọ́ là. Bí tìmùtìmù bá ti jìn láàárín, ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀.

Èjìká tó rọ kò ní iṣan tó lè dì í mú, awọ àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi kọ́. Ẹ má fi ọwọ́ sábẹ́ abíyá gbé e, ẹ má fa ọwọ́ náà láti fi jí i dìde, ẹ má sì jẹ́ kó rọ̀ dirodiro lórí àga: kí ìrọ̀rí tàbí tábìlì gbé e. Aṣọ tí wọ́n fi ń gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn, ìgbà tó bá dúró tàbí tó ń rìn nìkan ni kó wà lọ́rùn. Ẹni tó bá ń lò ó tọ̀sán tòru, igbọ́nwọ́ rẹ̀ á ká gan síbẹ̀. Èyí tí mo kórìíra jù lọ ni okùn tí wọ́n ń gbà lórí igi àjà tàbí ẹ̀ka máńgòrò, kí ọwọ́ tó le máa fi fa èyí tó rọ sókè. Ọwọ́ yẹn á kọjá ibi tí egungun èjìká lè bá a dé, á fún iṣan tó wà láàárín, èjìká á sì máa dùn ún fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí èjìká ń dùn kò ní jẹ́ kí físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, a sì ti pàdánù ọwọ́ náà nìyẹn.

Omi gbígbóná, òrí àti àbọ́níkì kò ní kí ọpọlọ kọ́ nǹkan kan. Ẹ lè fi òrí pa á bí ara bá tù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tó rọ lè má mọ iná lára, mo sì ń rí ara tó bó nítorí aṣọ tí wọ́n rì bọ omi híhó. Ẹni tó bá fẹ́ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, títí kan àwọn tó ń lọ sí Ìkógòsì, kó fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá yẹ omi wò kó tó wọ inú rẹ̀.

Rọ́bà ìtọ̀, èyí tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ pẹ́ lára nítorí pé ó rọrùn fún olùtọ́jú. Kòkòrò ń gbà á wọlé. Bí dókítà bá ti yọ ọ́, ẹ máa gbé e lọ tọ̀ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta lójú ọ̀sán, yálà ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n tàbí kò gbọ̀n ọ́n. Páńpáàsì àgbà wà fún òru àti fún ìrìnàjò.

Ìgbà wo ni kó dìde? Ìwádìí AVERT, tí wọ́n fi èèyàn tó lé ní 2,000 ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn tí wọ́n gbé dìde láàárín wákàtí 24, tí wọ́n sì fi ìdárayá púpọ̀ tẹ̀ síwájú, kò ṣe dáadáa tó àwọn tí wọ́n rọra mú. Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìsinmi àti yíyí padà. Láti ọjọ́ kejì, bí ara bá gbà á, ìgbà kúkúrú-kúkúrú tó pọ̀ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan gígùn lọ: ìjókòó ní etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́.

Dídìde láti orí àga ni ìdárayá tí mo fi ń ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá lè dìde fúnra rẹ̀ lè lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyẹn nìkan ló sì ń sọ bóyá ó lè máa gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àgbà láìsí ọmọkùnrin méjì tó ń gbé e. Àpótí ìdáná ti kéré jù, àga tìmùtìmù ń gbé èèyàn mì. Ẹ wá àga onígi tó ní apá, kí ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kí ẹ fi nǹkan líle sórí rẹ̀ títí ìbàdí á fi ga ju orúnkún lọ, sẹ̀ǹtímítà 50 sí 55 fún ẹni tó ga níwọ̀n. Kó sún wá sí etí àga. Kó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn títí gìgísẹ̀ á fi wà lẹ́yìn orúnkún díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ tó rọ bá wà níwájú, èyí tó le ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, ọpọlọ ò sì ní rí nǹkan kọ́. Kó fi ìka bọ ara wọn, kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìgbà náà ni kó gbé ìdí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á fẹ̀yìn ti, wọ́n á wá rọ̀ mọ́ ọrùn olùtọ́jú. Olùtọ́jú tó bá gbà kí wọ́n rọ̀ mọ́ ọrùn òun á fi ẹ̀yìn dídùn san án. Ẹ̀gbẹ́ tó rọ ni kó dúró sí, kó fi orúnkún tirẹ̀ dá orúnkún aláìsàn dúró kó má yẹ̀, kó di ìgbànú tàbí ọ̀já tó so mọ́ ìbàdí mú. Bó bá ti nàró, kó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kó ka ení títí dé àrún. Kó rọra jókòó, kó má já lulẹ̀, nítorí ìrọra jókòó yẹn ń fún itan lágbára. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ìsinmi, ẹ̀ẹ̀márùn-ún mìíràn. Ibi tí mo ń lé ni ìgbà 30 sí 50 lójúmọ́, ní ìpín-ìpín. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò lára ohun tó ga lórí àga.

Ọwọ́ máa ń pẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ohun méjì ni mo ń wò: ṣé ó lè gbé èjìká sí ẹ̀gbẹ́, ṣé ó lè na ìka, bó ti wù kó kéré mọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, sọ pé ẹni tó bá lè ṣe méjèèjì ní ọjọ́ kejì ní àǹfààní 98 nínú 100 láti tún fi ọwọ́ náà ṣe nǹkan ní oṣù kẹfà, tí ẹni tí kò lè ṣe ìkankan nínú wọn sì ní 25. Mo ń sọ nọ́ńbà yìí fún ẹbí, nítorí ó dára kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n á ná owó àti agbára sí. 25 kì í ṣe òdo.

Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ka iye ìgbà tí aláìsàn ń fi ọwọ́ tó rọ ṣiṣẹ́ ní ìjókòó ìtọ́jú kan, nǹkan bíi 32 ni wọ́n rí. Lára àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́ ló mú kí ọpọlọ yí padà. Ilé ló máa ṣe ìyókù. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń kó fún aláìsàn láti fún mọ́wọ́ kò dára fún ọ̀pọ̀ jù nínú wọn: ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú mọ bí a ṣe ń pa dé, ṣíṣí ló ṣòro fún un, bọ́ọ̀lù sì ń kọ́ ọ ní èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó máa mú un mú nǹkan, kó tún jù ú sílẹ̀, ni kí ẹ fún un. Kó nu tábìlì, kí ọwọ́ tó le wà lórí èyí tó rọ. Kó ti ife síwájú, kó fà á padà. Kó já ewé ẹ̀fọ́ kúrò lára igi rẹ̀, kó ṣa ẹ̀wà, kó ká ìró. Fún àwọn bàbá, ayò ọlọ́pọ́n ni mo yàn láàyò: ọmọ ayò 48, ihò 12, ọwọ́ tó rọ ni kó máa fi kó o, kó máa fi jù ú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lè jù ú sílẹ̀ ju igba ìgbà lọ ní ìjókòó kan láì mọ̀ pé ìtọ́jú lòun ń ṣe. Kí ẹni tí wọ́n jọ ń ta ní sùúrù, kó má bá a jù ú.

Bí ọrùn ọwọ́ bá ti lè gbéra sókè ní ìwọ̀n digíríì 20, tí ìka sì lè nà ní 10, a lè fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn bo ọwọ́ tó le fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí èyí tó rọ má rí ibi sá sí. Edward Taub ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń múni bínú, nítorí náà aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kó gbà. Kò gbọdọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ náà nígbà tó bá ń rìn tàbí nídìí iná. Fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò mì rárá, ẹ gbé dígí sójú tábìlì níwájú àyà rẹ̀, kí ọwọ́ tó rọ wà lẹ́yìn dígí, kó máa wo ọwọ́ tó le nínú dígí bó ti ń ṣí tó ń pa dé, kó sì máa gbìyànjú pẹ̀lú méjèèjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ tó rọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Baclofen, oògùn tó ń dẹ iṣan, lè ràn án lọ́wọ́: mílígíráàmù 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ó ń mú oorun wá, ẹ kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Bí ara bá gan lójijì ju ti àná lọ, ẹ má tíì fi oògùn kún un. Ẹ wá ohun tó ń dùn ún tí kò lè sọ: ìtọ̀ tó ní kòkòrò, ìgbẹ́ tó dí, egbò, èékánná tó wọ inú ẹran.

Ìrìn l'Ékìtì kò rí bí ìrìn ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ilé wà lórí òkè, ọ̀nà dagun, àtẹ̀gùn pọ̀. Ọwọ́ tó le ni ọ̀pá ń wà. Ọ̀pá kọ́kọ́, ẹsẹ̀ tó rọ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ tó le kẹ́yìn. Orí ọ̀pá gbọdọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ nígbà tí apá bá sọ̀ kalẹ̀, kí rọ́bà ìdí rẹ̀ má tíì jẹ tán. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ló ń ṣáájú. Bó bá ń sọ̀, ẹsẹ̀ tó rọ ni. Sísọ̀ ló ń gbé èèyàn ṣubú jù, torí náà olùtọ́jú máa wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Sílípáàsì kò dára rárá. Kí bàtà ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń wọ́ nílẹ̀, kí wọ́n wọn ohun ìgbẹ́sẹ̀ró fún un, ìyẹn ohun tí à ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ kí iwájú rẹ̀ má bàa já wálẹ̀, kí bàtà tóbi ní nọ́ńbà kan kó lè gbà á.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò ní làákàyè. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, etí rẹ̀ kò di. Gbólóhùn kan kúkúrú, ẹ dúró kí ẹ ka ẹẹ́wàá nínú, kí ẹ sì béèrè èyí tó lè fi orí dáhùn. Ìlú àwọn olùkọ́ ni ìlú wa, ẹni tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì lè pàdánù ọ̀kan nínú èdè rẹ̀ ju èkejì lọ. Èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ ni mo ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ẹnu Èkìtì gan-an, kì í ṣe Yorùbá ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ẹnu ti mọ́ lára máa ń ṣẹ́kù: kíka ení èjì, orin ìsìn, oríkì. Yèyé tí kò lè pe omi lè gbé orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́, kí ẹ sì ti ibẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ kan jáde.

Bí ó bá ń jẹ apá kan abọ́ nìkan tó sì ń sọ pé oúnjẹ ti tán, kì í ṣe agídí. Ọpọlọ ti gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kan, òsì ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi aṣọ pupa sí etí tábìlì níbẹ̀, kó wá a kàn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ náà.

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń mú. Kò ní fẹ́ jẹun, kò ní sùn, kò ní fẹ́ kí àlejò wọlé, á ní ẹrù lòun jẹ́ fún yín. Oògùn wà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́. Fluoxetine, ọ̀kan lára wọn, tí àwọn kan ń rà kí ọwọ́ lè tètè yá kò ní àǹfààní yẹn: ìwádìí FOCUS ti 2018 fi hàn bẹ́ẹ̀, ó sì ń mú kí egungun tètè ṣẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ni kí ẹ fi wò. Ẹkún tàbí ẹ̀rín tó ṣàdédé bẹ́ láìnídìí, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọpọlọ ló ṣe é. Kì í ṣe wèrè, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré inú ilé.

Oògùn ìfúnpá kò ní ọjọ́ ìparí. "Ara mi ti yá" ni gbólóhùn tó ń dá rọpárọsẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bá ti kọjá, à ń lé ohun tó wà nísàlẹ̀ 130/80. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, apá tó le ni kí ẹ wọ̀n, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Iyọ̀ tó kan gbogbo oúnjẹ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, èyí tó wà nínú Maggi sì wà nínú ìṣirò náà. SIREN rí i pé àìjẹ ẹ̀fọ́ àti fífi iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti jinná wà lára ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wà lẹ́yìnkùlé wa.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara ń yá kíákíá jù, ó ń bá a lọ títí dé oṣù kẹfà, lẹ́yìn ìyẹn ó ń falẹ̀ ṣùgbọ́n kì í dúró fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sí i. Nítorí owó mọ́tò, n kì í retí pé kí ẹni tó wà ní Ìkọ̀lé tàbí Ẹ̀fọ̀n wá bá físíò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó, bí iṣẹ́ ilé bá wà nínú fídíò lórí fóònù olùtọ́jú. Mo máa ń bi aláìsàn pé kí ló fẹ́ tún lè ṣe, ìdáhùn rẹ̀ ló sì ń di ètò. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń ní àwọn fẹ́ lè kúnlẹ̀ nínú ìjọ, kí àwọn sì dìde. Ìyẹn ní ìgbésẹ̀ tirẹ̀: kó di àga líle mú pẹ̀lú ọwọ́ tó le, kó sọ orúnkún tó rọ kalẹ̀ ṣáájú sórí ìrọ̀rí, èyí tó le tẹ̀ lé e. Láti dìde, ẹsẹ̀ tó le ló ń kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ wá nínú ọ̀rá kan, pẹ̀lú ìwé ìfúnpá, ọ̀pá àti bàtà tó ń wọ̀ nílé gan-an, kì í ṣe bàtà ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó ń sun ilé pẹ̀lú rẹ̀, tó ń gbé e lọ tọ̀ lóru, ni kó tẹ̀ lé e wá. Bó bá ṣe pé ọmọ tó ní mọ́tò nìkan ló wá, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fóònù sí ẹni tó wà nílé ká tó bẹ̀rẹ̀.